ÌLÒ ÌYẸ̀FUN ILẸ̀ FÚN PÍPA KÒKÒRÒ INÚ ILÉ ÀTI INÚ ÀKÁ

(Àròkọ Aṣàlàyé)

Ìbéèrè: Ṣe àlàyé ọ̀nà kan tí àwọn ará àdúgbò rẹ lè gbà dáàbò bo oúnjẹ àti ilé wọn lọ́wọ́ kòkòrò láìlo májèlé.

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú fún akẹ́kọ̀ọ́: Nínú àròkọ aṣàlàyé, ohun tí olùyẹ̀wò ń wá ni pé kí o sọ ohun tí nǹkan jẹ́, bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, bí a ṣe ń lò ó, àǹfààní rẹ̀ àti ewu rẹ̀, kí ọ̀kan máa tẹ̀lé èkejì létòlétò. Kì í ṣe ìtàn, kì í sì í ṣe àríyànjiyàn. Àpẹẹrẹ láti àdúgbò rẹ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí àpẹẹrẹ gba ipò àlàyé. Kọ ìlapa èrò rẹ kí o tó fọwọ́ kan àròkọ gan-an.

Ìlapa èrò:
(i) Ìfáárà: wàhálà kòkòrò
(ii) Ọgbọ́n àwọn baba wa àti ewu májèlé òde òní
(iii) Ohun tí ìyẹ̀fun náà jẹ́ àti bí ó ṣe ń pa kòkòrò
(iv) Bí a ṣe ń lò ó fún oúnjẹ àti nínú ilé
(v) Ìṣọ́ra, àti ọ̀rọ̀ àwọn tí ń mu ún
(vi) Ìgúnlẹ̀

ÀRÒKỌ

Kò sí àgbẹ̀ kan ní agbègbè Ìbàdàn, láti Mọ́níyà títí dé Akánrán, láti Lálúpọn títí dé Ẹgbẹ́dá, tí kò mọ ohun tí kòkòrò lè fi ojú ẹni rí. Àgbàdo tí a fi òógùn ojú gbìn, tí a ká, tí a sá, tí a sì dà sínú àpò, yóò wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí a bá tú àpò, ihò àti ìyẹ̀fun ni a óò bá. Ẹ̀wà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ilé pẹ̀lú, aáyán ń rìn ní ilé ìdáná, eèrà ń tò lọ sídìí ìkòkò ọbẹ̀, ìdun sì fara pamọ́ sábẹ́ ẹní. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Báwo ni a ṣe lè lé ikú ilé yìí jáde láìfi ikú mìíràn rọ́pò rẹ̀?

Àwọn baba wa kò jókòó tẹtẹrẹ. Wọ́n a máa so àgbàdo tí a kò tíì bó mọ́ àjà lókè ààrò kí èéfín lè máa fẹ́ ẹ. Wọ́n a máa po eérú mọ́ ẹ̀wà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe irúgbìn, wọ́n sì tún ń fi ata gbígbẹ sí i. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí pé eérú ń dí àlàfo tó wà láàrin ẹ̀wà, ó sì ń gbẹ omi ara kòkòrò. Ṣùgbọ́n eérú púpọ̀ ni ìwọ̀nba ẹ̀wà díẹ̀ ń gbà. Ẹni tó ní àpò ogún nílẹ̀ kò lè rí eérú tó.

Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe yà sí ìdí májèlé. Èyí tó gbòde jù lọ ni oògùn olómi kan tí à ń pè ní dichlorvos. Oògùn yìí ń pa kòkòrò kíákíá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó yẹ kí a wọ́n sórí ohun tí a óò jẹ. Ní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè tó parapọ̀ ní Yúróòpù kò gba ẹ̀wà Nàìjíríà wọlé mọ́ nítorí oògùn yìí. Iye tí òfin wọn gbà láàyè kò ju 0.01 mílígíráàmù nínú kílò ẹ̀wà kan, ṣùgbọ́n wọ́n rí èyí tó tó 4.6 mílígíráàmù. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa oògùn náà nínú ìgò kékeré tí kò ju 100 mílílítà lọ. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ẹ̀wà tí òyìnbó kọ̀ yìí, irú rẹ̀ náà ni à ń sè jẹ nílé.

Ohun tó lè bọ́ wa lọ́wọ́ ewu yìí wà nínú ilẹ̀. Ó jẹ́ ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ eérú, tó kúnná bí àtíkè, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní dáyátọ́máìtì. Kì í ṣe ẹfun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kaun. Ní ìgbà láéláé, àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké kan bí ewéko ń gbé inú omi. Ojú lásán kò lè rí wọn, àfi pẹ̀lú awò amóhuntóbi. Èèpo ara wọn jẹ́ sílíkà, èyí tí í ṣe irú èròjà tó wà nínú yanrìn àti gíláàsì. Bí wọ́n ti ń kú ni èèpo wọn ń rì sí ìsàlẹ̀ odò, tí ó ń ga sí i fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, títí ó fi di òkúta fífúyẹ́ tí a lè gbẹ́, kí a sì lọ̀. Ó wà ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, fún àpẹẹrẹ ní Bularafa ní Ìpínlẹ̀ Yobe. Ayé ti ń lò ó fún onírúurú iṣẹ́ tipẹ́: òun ni Alfred Nobel, ọmọ ilẹ̀ Sweden, pò mọ́ èròjà tí ń bú gbàmù nígbà tí ó ṣe dínámáìtì ní ọdún 1867.

Bí ìyẹ̀fun yìí ṣe ń pa kòkòrò yàtọ̀ pátápátá sí ti májèlé. Ọlọ́run fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ìda bo ara kòkòrò, kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ. Bí kòkòrò bá ti rìn kọjá nínú ìyẹ̀fun náà, yóò lẹ̀ mọ́ ọn lára, yóò fa ọ̀rá náà mu, yóò sì ha á lára. Omi ara kòkòrò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, yóò sì kú láàrin ọjọ́ mélòó kan. Nítorí pé gbígbẹ ni ó ń gbẹ omi ara rẹ̀, tí kì í pa á bíi májèlé, ó ṣòro kí kòkòrò tó di ẹni tí oògùn kò ràn mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ni a kò gbọdọ̀ gbàgbé: bí omi bá kan ìyẹ̀fun náà, agbára rẹ̀ ti tán títí yóò fi tún gbẹ.

Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe ìwádìí lórí ìpamọ́ irè oko, èyí tí à ń pè ní NSPRI, ti fi dáyátọ́máìtì ṣe ìyẹ̀fun kan fún àwọn àgbẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní NSPRIDUST. Ìlọrin ni olú ilé-iṣẹ́ wọn wà, wọ́n sì ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn. Bí a ṣe ń lo irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ fún àgbàdo tàbí ẹ̀wà nìyí. Èkíní, a óò sá irè náà títí yóò fi gbẹ dáadáa. Iṣẹ́ ńlá nìyí fún àgbàdo tí à ń ká ní oṣù keje àti ìkẹjọ, nítorí òjò. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, a óò da àgbàdo díẹ̀ àti iyọ̀ gbígbẹ sínú ìgò gbígbẹ, a óò sì mì ín fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà kò tíì gbẹ. Èkejì, a óò fẹ́ ẹ, a óò sì ṣa èyí tí kòkòrò ti lu kúrò, nítorí ìyẹ̀fun kò lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ kòkòrò tó ti wà nínú hóró. Ẹ̀kẹta, a óò wọn ìyẹ̀fun náà. Fún àpò tó wọn 100 kílò, bíi 50 sí 100 gíráàmù ni a sábà máa ń lò, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí a kọ sára páálí ni kí a tẹ̀lé. Ẹ̀kẹrin, a óò pò ó pọ̀ lórí tapólì títí yóò fi kárí, a óò dà á sínú àpò mímọ́, a óò sì gbé e sórí pákó, kí ó má ṣe kanlẹ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ sè é, a óò fẹ́ ẹ, a óò sì fi omi ṣàn án.

Nínú ilé, ibi tí kòkòrò ń gbà kọjá ni a ń fọ́n ọn sí, kí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni fi àtíkè para. Bí ó bá ti di òkìtì, kòkòrò yóò yí i sílẹ̀ ni. A lè fọ́n ọn sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, sí ibi tí ògiri ti sán, àti sí àlàfo pákó ibùsùn nítorí ìdun. Ẹni tí ìdun bá ń bá jà gbọ́dọ̀ sá ẹní àti tìmùtìmù rẹ̀, kí ó sì fi omi gbígbóná fọ aṣọ ibùsùn. Àwọn tí ń sin adìẹ pẹ̀lú lè pò ó mọ́ erùpẹ̀ gbígbẹ tí adìẹ ń yí nínú rẹ̀, kí ó lè dín àwọn kòkòrò tí ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn kù. Ṣùgbọ́n kò ran ẹ̀fọn. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni kí a máa sùn sínú rẹ̀. Bákan náà, a kò gbọdọ̀ fọ́n ọn sórí òdòdó nínú oko, nítorí yóò pa oyin tí ń ṣe wá láǹfààní.

Ohun tó dára náà ní ìṣọ́ra tirẹ̀. Eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá fẹ́ pò ó gbọ́dọ̀ fi aṣọ bo imú àti ẹnu, kí ó ṣe é ní ìta gbangba, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà sí i. Oríṣi méjì sì ni ó wà. Èyí tí a fi iná gbígbóná yan, tí wọ́n fi ń sẹ́ omi ní ilé-iṣẹ́, kì í ṣe ti oúnjẹ rárá. Ó ní oríṣi sílíkà kan tí àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé kéde ní ọdún 1997 pé ó lè fa jẹjẹrẹ bí a bá ń fà á símú. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ ra ìyẹ̀fun funfun kankan tí kò ní orúkọ àti nọ́ńbà NAFDAC lára, nítorí ẹni tí ń fi ike wọn ìyẹ̀fun lọ́jà lè máa ta májèlé fún wa.

Àwọn kan tún wà tí ń po ìyẹ̀fun yìí mọ́ omi mu. Wọ́n ní ó ń fọ inú, ó ń pa aràn, ó sì ń mú irun dàgbà. Kò sí ẹ̀rí tó dájú láti ọwọ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn fún èyí. Ẹni tí aràn bá ń dà láàmú, ilé ìwòsàn ìjọba ni kí ó lọ. Ìlera tí ìyẹ̀fun yìí lè fún wa ni pé kí a jẹ ẹ̀wà tí kò ní májèlé, kí a sì sùn sórí ẹní tí kò ní ìdun. Èyí nìkan tó ìlera.

Ní ìgúnlẹ̀, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. A kò lè lé gbogbo kòkòrò kúrò láyé. Ṣùgbọ́n a lè gbẹ irè wa dáadáa, kí a tún ilé ṣe, kí a sì fi ìyẹ̀fun ilẹ̀ rọ́pò ìgò májèlé. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tí a fi òógùn ojú wá kò ní di ohun tí yóò pa àwọn ọmọ wa.

Àkíyèsí: Kíyè sí i pé ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan gbé kókó kan péré dání, àti pé àròkọ náà kò fi ewu ìyẹ̀fun náà pamọ́. Mo mú orí ọ̀rọ̀ yìí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lábúlé tí mo ti ń dáko lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Aládùúgbò mi kan wọ́n oògùn sórí ẹ̀wà rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀, ó sì bù nínú rẹ̀ sè. Ọmọ mẹ́ta ni a gbé lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà. Ọlọ́run yọ wọ́n. Bí o bá yege nínú ìdánwò rẹ, ó dára. Bí o bá sì ka àròkọ yìí sí etígbọ̀ọ́ àwọn òbí rẹ, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kọ àròkọ aṣàlàyé lórí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí: (a) Bí a ṣe ń tọ́jú iṣu títí di ìgbà òjò, (b) Ìwúlò eérú nínú ilé àti lóko.