Òkè Mọ́kànlélógójì, Àádọ́ta Ọ̀kẹ́

Ìlú òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n ń pe Dassa-Zoumè, ìlú àwọn Ìdáàṣà ní ẹkùn Collines ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹ má ṣe ṣi òkè pè ní ọ̀kẹ́ o. Òkè ni ilẹ̀ tó ga. Ọ̀kẹ́ ni àpò tó gba 20,000 owó ẹyọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú òǹkà Yorùbá.

Láyé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Bí ọ̀kẹ́ bá pé àádọ́ta, ó di 1,000,000. Ìdí nìyí tí mílíọ̀nù fi ń jẹ́ àádọ́ta ọ̀kẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tú iye ńlá yìí palẹ̀. Okùn, 40, jẹ́ 2 × 2 × 2 × 5. Àádọ́ta jẹ́ 2 × 5 × 5, ẹ̀ẹ̀mejì la sì lò ó. Ẹ̀wá jẹ́ 2 × 5. Bí a bá kó gbogbo wọn jọ, 2 mẹ́fà àti 5 mẹ́fà ni a óò rí, kò sí òmíràn. Nítorí pé mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n, a lè pín wọn sí ọ̀nà méjì tó dọ́gba: 1,000 × 1,000, tàbí sí ọ̀nà mẹ́ta: 100 × 100 × 100. Nọ́ńbà 49 ló lè pín àádọ́ta ọ̀kẹ́ láìṣẹ́kù. Ènìyàn 8, 25 tàbí 64 lè pín in dọ́gba, ṣùgbọ́n bí ènìyàn mẹ́ta bá pín in, ẹyọ kan á ṣẹ́kù.

Mọ́kànlélógójì fi ẹyọ kan péré ju okùn kan lọ, síbẹ̀ ìwà wọn yàtọ̀. 2, 3 àti 5 kò lè pín in. Níwọ̀n bí 7 × 7 sì ti ju 41 lọ, a kò tún ní dán òmíràn wò. Kò sí ohun tó lè pín in bí kò ṣe 1 àti òun fúnra rẹ̀. Bí a bá pín àádọ́ta ọ̀kẹ́ fún òkè Dassa, òkè kọ̀ọ̀kan á gba 24,390, ẹyọ mẹ́wàá á sì ṣẹ́kù.

Ní ọdún 1772, Leonhard Euler kọ̀wé nípa 41 yìí kan náà. Ẹ mú nọ́ńbà kan láti 0 dé 39, ẹ fi èyí tó tẹ̀ lé e sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi 41 kún un: 43, 47, 53 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wọn ni kò ṣe é pín bíi 41. Ogójì ló ba eré náà jẹ́: 40 × 41 + 41 jẹ́ 41 × 41, ìyẹn 1,681.

Faransé ni èdè ilé ìwé ní Benin. Ọmọ tó bá gbọ́ mílíọ̀nù nìkan kò ní gbọ́ okùn, ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń gba òǹkà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà Ìdáàṣà, ẹ jẹ́ ká béèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà dé orí iye náà pẹ̀lú. Ọ̀nà yẹn gan-an ni ìmọ̀ wà.