Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kí ló ń kó agbábọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà kiri?

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, gbayì púpọ̀ ní yunifásítì wọn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ṣí lọ sí yunifásítì mìíràn sábà máa ń jókòó fún odindi ọdún kan kó tó lè gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

📌 2018: Àjọ NCAA, tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì níbẹ̀, dá "transfer portal" sílẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò á forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀.

📌 2021: Wọ́n fagi lé ìjókòó yẹn fún ẹni tó ń ṣí lọ nígbà àkọ́kọ́. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbà káwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi orúkọ àti àwòrán wọn pawó.

Ẹ wo Yunifásítì Colorado. Lọ́dún 2022, ìdíje 1 péré ni wọ́n borí nínú 12. Nígbà tí Deion Sanders di olùkọ́ni wọn, ọ̀pọ̀ àwọn tó bá níbẹ̀ kó ẹrù wọn, àwọn tuntun sì rọ́ dé. Agbábọ́ọ̀lù kan, Travis Hunter, tẹ̀lé e wá láti yunifásítì Jackson State, níbi tí wọ́n ti jọ wà tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2024, ìdíje 9 ni wọ́n borí, Hunter sì gba Heisman, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dáa jù lọ.

Ó tọ́ kí òṣìṣẹ́ jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin òbí, kọ́mọ yín tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè: ṣé yunifásítì tuntun náà máa gba gbogbo kọ́ọ̀sì tó ti ṣe wọlé fún un?