Orúkọ Àdúgbò ní Erékùṣù Èkó

Ẹni tí ó bá ń rìn ní Ìsàlẹ̀ Èkó lónìí, láàrin ilé alájà àti ariwo ọjà, kì yóò tètè gbà pé oko ni ilẹ̀ náà nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n orúkọ ń jẹ́rìí sí i. Ìga Ìdúngànran ni à ń pe ààfin ọba Èkó, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ààfin tí a kọ́ sórí oko ata. Ìtàn wí pé ibẹ̀ ni Arómirẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Olófin tí ó tẹ̀dó sí Ìdó, gbé dá oko ata rẹ̀. Ata ti tán níbẹ̀ láti ayébáyé. Orúkọ kò tíì lọ.

Ní ti Èkó fúnra rẹ̀, àríyànjiyàn ń bẹ. Àwọn kan nínú àwọn Àwórì wí pé láti ara “oko” ni ó ti wá. Àwọn ará Ìbíní wí pé “eko” ni ibùdó ogun ní èdè wọn. Àwa fara mọ́ èkejì, kì í sì í ṣe pé a fẹ́ràn Ìbíní ju Àwórì lọ. Ohùn “oko” àti ohùn “Èkó” jìnnà sí ara wọn púpọ̀. Ẹ̀rí mìíràn sì wà. Ní ọdún 1603, ará Jámánì kan, Andreas Josua Ulsheimer, bá ọkọ̀ àwọn ará Họ́láńdì dé ìlú yìí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ ogun ọba Ìbíní ni ń gbé inú rẹ̀, pẹ̀lú balógun mẹ́rin.

Ẹ wo Ìdúmọ̀tà, Ìdúmàgbò àti Ìdúmọ̀yìnbó. Àdúgbò ni “idumu” ní èdè Ẹdó. Ṣùgbọ́n “òyìnbó” kì í ṣe Ẹdó: nínú orúkọ kan ṣoṣo yìí, èdè méjì fẹ́ ara wọn níyàwó.

Àwọn àlejò pẹ̀lú fi tiwọn sílẹ̀. Àwọn Pọtogí ni wọ́n pè é ní Lagos, èyí tí í ṣe adágún. Pópó Àgùdà sì ń rántí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà dé.

Kí a ṣọ́ra, nítorí ìtàn lè tẹ̀lé orúkọ dípò kí ó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ní Olófin tẹ̀lé àwo kan lórí omi títí ó fi rì, pé “àwo rì” ni ó di Àwórì. Àwa kò fi ìtàn yìí ṣe ẹ̀sín. Ó ń sọ ipa odò tí àwọn ènìyàn náà bá wá. Ṣùgbọ́n kí a má fi í ṣe ẹ̀rí ìtumọ̀ orúkọ.

Àkókò kò dúró dè wá. Ní oṣù keje ọdún 1990 ni ìjọba wó Màrókó, àwọn ará ibẹ̀ sì fọ́n káàkiri. Ta ni yóò sọ ohun tí wọ́n ń pe ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀? Àwòrán ilẹ̀ kò lè gbà wá, nítorí “Iddo” ni ó kọ fún Ìdó, pẹ̀lú d méjì tí èdè wa kò mọ̀, láìsí àmì ohùn kankan.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ tọ àwọn àgbà lọ ní ojúlé wọn. Ẹ kọ orúkọ náà pẹ̀lú àmì ohùn bí ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ kọ ìdílé ẹni tí ó sọ ọ́. Bí àgbà méjì kò bá sì fohùn ṣọ̀kan, ẹ kọ ti àwọn méjèèjì.