Ṣọ́ọ̀ṣì St Martin ní Canterbury: Ilé Àdúrà Ìyàwó Ọba

Bí ẹ bá kó àwọn ọmọ lọ sí Canterbury, kàtídírà ńlá ni gbogbo ènìyàn máa júwe fún yín. Ẹ lọ wò ó, ó tó wò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú irin padà, ẹ jáde kúrò nínú odi ìlú lápá ìlà-oòrùn, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ àwókù ilé àwọn mọ́ńkì St Augustine kọjá, kí ẹ gun òkè kékeré tó wà ní North Holmes Road. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà níbẹ̀ láàárín ibojì, kò tóbi rárá. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ á rò pé ṣọ́ọ̀ṣì abúlé lásán ni. St Martin's ni, òun sì ni wọ́n kà sí àgbà gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣì ń jọ́sìn nínú rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Obìnrin kan ló sọ ibẹ̀ di ilé àdúrà. Bertha lorúkọ rẹ̀, ọmọ Charibert, ọba tó jẹ ní Paris. Wọ́n fi í fún Æthelberht, ọba Kent. Kristẹni ni ìyàwó, òrìṣà ni ọkọ ń bọ. Ẹbí Bertha ní àwọn kò ní fi ọmọ àwọn fún un àfi tó bá gbà kó máa sin Ọlọ́run rẹ̀, wọ́n sì ní kí bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Liudhard bá a lọ sílé ọkọ. Àwọn ìyá ńlá wa tó gbé òrìṣà ilé bàbá wọn wọ ilé ọkọ kò ní bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Bede, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 731, sọ pé láti ayé àwọn ará Róòmù ni ilé tí Bertha ń gbàdúrà nínú rẹ̀ ti wà. Láàárín ọdún 1800 sí 1900, wọ́n hú wúrà kékeré kan nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì náà, ìdè tí wọ́n fi ń so ó kọ́rùn wà lára rẹ̀, orúkọ Liudhard sì wà lójú rẹ̀. Ó wà ní mùsíọ́ọ̀mù ní Liverpool báyìí.

Ní 597 ni Augustine, tí Póòpù Gregory rán láti Róòmù, gúnlẹ̀ sí Kent, òun àti nǹkan bí 40 ènìyàn. Æthelberht kò jẹ́ gbà wọ́n sínú ilé. Ìta gbangba ló jókòó sí ní erékùṣù Thanet kó tó pè wọ́n, nítorí ó gbà pé bí wọ́n bá ní oògùn lọ́wọ́, inú ilé ni wọn yóò ti fi mú òun. Ọba ilẹ̀ wa wo nígbà náà ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ó gbọ́ wọn tán, ó ní ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣàdédé fi ohun tí àwọn baba òun ń ṣe sílẹ̀. Ó fún wọn níbùgbé, wọ́n sì ń lo ṣọ́ọ̀ṣì Bertha: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọrin, tí wọ́n ti ń wàásù, tí wọ́n ti ń ṣèrìbọmi. Nígbà tó yá, ọba náà ṣe ìrìbọmi.

Ní 601, Gregory tún kọ lẹ́tà pé kí wọ́n má wó ojúbọ àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n kó ère inú rẹ̀ dànù, kí wọ́n wọ́n omi mímọ́ sí i, kí àwọn ènìyàn sì máa pa màlúù wọn jẹ níbi àjọ̀dún bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ì bá dára ká ní ẹnìkan ka lẹ́tà yìí sétí díẹ̀ nínú àwọn míṣọ́nnárì tó wá bá wa nílé ní ohun tó lé ní 1,200 ọdún lẹ́yìn náà.

Ẹ má tíì wọlé. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀yìn, lápá gúúsù, níbi tí pẹpẹ wà. Ẹ ó rí bíríkì pupa pẹlẹbẹ, tínínrín, tí wọ́n tò léra wọn ní ẹsẹẹsẹ. Bíríkì àwọn ará Róòmù nìyẹn. Ojú ilẹ̀kùn méjì tí wọ́n ti dí pa wà lára ògiri yẹn: orí ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ, orí èkejì ṣe róbótó. Ta ló kọ́ ògiri yẹn? Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní àwọn ará Róòmù ni. Àwọn mìíràn ní ìgbà Bertha ni wọ́n ṣa bíríkì àwókù kọ́ ọ. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Gbọ̀ngàn tí ìjọ ń jókòó sí ṣẹ̀yìn dé, láàárín 600 sí 700: òkúta àti bíríkì àlòkù ni wọ́n pò mọ́ra wọn, ohun tó bá ti wà nílẹ̀ ni ọ̀mọlé lò. Ẹ wo ògiri ìwọ̀-oòrùn láti inú, ẹ ó rí fèrèsé méjì tí wọ́n dí, tí wọ́n fi bíríkì ká orí wọn. Ilé agogo tó yọ sókè níwájú, tí ojú kọ́kọ́ ń rí, láàárín 1300 sí 1400 ni wọ́n kọ́ ọ, akọ òkúta ni wọ́n sì fi mọ ọ́n. Ó fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kéré sí bíríkì ẹ̀yìn yẹn.

Agbada ìrìbọmi kan wà nínú ilé, òkúta ni, wọ́n gbẹ́ òrùka tó wọnú ara wọn yí i ká. Wọ́n lè sọ fún yín pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti ri Æthelberht bọmi. Iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀: ti àwọn Nọ́mánì ni, tí wọ́n gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066.

Àwa náà kì í ṣe àlejò ní ìlú yìí. Àga bíṣọ́ọ̀bù àgbà tí Augustine kọ́kọ́ jókòó lé ní Canterbury ni Charles Longley jókòó lé ní 29 oṣù Òkúdù 1864, ọjọ́ tó gbọ́wọ́ lé Àjàyí Crowther lórí nínú kàtídírà, tó sọ ọ́ di bíṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 ni, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà.

Láti 1988 ni UNESCO ti ka kàtídírà, àwókù ilé mọ́ńkì àti St Martin's pọ̀ mọ́ ogún gbogbo ayé. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro àwọn ọmọ, ẹ fi ibojì Mary Tourtel hàn wọ́n, obìnrin tó dá Rupert Bear, béárì inú ìtàn àwọn ọmọdé, sílẹ̀. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n sin ín sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn, ẹ yáa wádìí kí ẹ tó gbéra.