Ta Ló Ni Àlòkù Iṣẹ́ Iná?

Bí oníṣẹ́ iná bá fa wáyà sínú ilé tán, ohun tó bá ṣẹ́ kù kì í pẹ́ nílẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á ti ṣa gígé wáyà sápò. Bátìrì ínfátà tó ti kú á wà lẹ́yìnkùlé títí ẹni tó ń ké “kọ́ndẹ́ẹ̀mù bátìrì” yóò fi kọjá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé iṣẹ́ iná kò ní pàǹtí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tó lówó lórí nínú àlòkù wọ̀nyí gan-an ló léwu jù, torí pé owó orí rẹ̀ ló ń mú un tètè kúrò lójú ẹni tó yẹ kó bójú tó o.

Ẹ wo wáyà. Bàbà ló wà nínú rẹ̀, rọ́bà PVC ló sì bò ó. Chlorine wà nínú rọ́bà yìí, bí wọ́n bá sì dáná sun ún kí wọ́n lè rí bàbà yọ, bàbà náà tún máa ń ran iná lọ́wọ́ láti sọ chlorine di dioxin, májèlé tí kì í tètè kúrò nílẹ̀. Ní Agbogbloshie, nílùú Accra, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sun wáyà, wọ́n bá dioxin tó ga kọjá ààlà nínú ẹyin àwọn adìyẹ tó ń jẹ̀ kiri níbẹ̀. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé iná yẹn kò tilẹ̀ mú èrè pọ̀ sí i: bàbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ bó rọ́bà ara rẹ̀ á máa dán, ó sì máa ń wọ́n ju èyí tó ti jóná lọ.

Àwọn kan á ní ti bátìrì yàtọ̀, pé kò sẹ́ni tó ń dà á nù, pé ṣe ni wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀ láti fi ṣe tuntun. Òótọ́ ni. Òjé kó ju ìdajì ìwúwo bátìrì ásíìdì lọ, kò sì sí olówò tó máa fi í ṣòfò. Àmọ́ báwo ni wọ́n ṣe ń yọ́ ọ? Ọ̀pọ̀ olùrà ló ń ní kí wọ́n da omi inú rẹ̀ nù kí wọ́n tó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ásíìdì yẹn á gba gọ́tà lọ tòun ti òjé inú rẹ̀. Lọ́dún 2025, nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ògíjò ní ìpínlẹ̀ Ògùn wò, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń yọ́ òjé bátìrì, wọ́n bá òjé lára wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sì sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ tí kò lè pa ọmọdé lára. Àtúnlò kò burú. Àtúnlò tí kò sẹ́ni tó ń béèrè ọ̀nà tó gbà ló burú.

Òfin kọ́ la ò ní. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ohun èlò iná ti wà láti 2011, abẹ́ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òfin àyíká, ló sì wà. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba mélòó ló lè dé ẹ̀yìnkùlé gbogbo ilé? Ẹni tó ń sun wáyà ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni. Bí wọ́n bá lé e kúrò níhìn-ín, á lọ sun ún lọ́hùn-ún. Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ló rọrùn jù láti dá a dúró.

Àwọn oníṣẹ́ iná á ní àwọn oníbàárà ti ń ná owó iṣẹ́ wálẹ̀ jù, pé ta ni yóò san ti pàǹtí? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ, àpò kan àti bàsíà oníke tí wọ́n máa gbé bátìrì dúró sí kò wọ́n, owó tí bátìrì òkú bá sì mú wá lè gbé ìnáwó yẹn. Kí oníṣẹ́ kọ kíkó àlòkù mọ́ iye iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, kí onílé sì ní òun fẹ́ rí rìsíìtì ẹni tó gba bátìrì náà tòun ti omi inú rẹ̀.