Ọmọlángidi Olówó Ńlá, Àpò Mẹ̀kúnnù

Nínú yàrá ọ̀pọ̀ ìyá àgbà nílẹ̀ Yorùbá, abọ́ tánganran wà níbẹ̀ tí wọ́n tò léra wọn láti ilẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Òdòdó pupa àti ewé tútù ni wọ́n yà sí wọn lára. Ẹnikẹ́ni kì í jẹun nínú wọn. Ọmọ tí ó bá gbé ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ láti fi mu gààrí yóò gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò gbọ́ rí. Síbẹ̀, bí ẹ bá béèrè, ìyá yóò sọ ọjà tí ó ti ra ọ̀kọ̀ọ̀kan fún yín, ẹni tí ó bá a ná an, àti èyí tí ó fi tọ́rẹ nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń lọ sílé ọkọ. Yóò sọ èyí tí ó tà pẹ̀lú, nígbà tí owó ilé ìwé bọ̀ọ̀dá ń lé e kiri. Kò sí ẹni tí ó pe ìyá ní wèrè rí.

Mo kọ́kọ́ rán wa létí abọ́ ìyá nítorí pé àwọn àgbàlagbà kan wà ní Britain àti Amẹ́ríkà, ẹni àádọ́ta ọdún, ẹni ọgọ́ta ọdún, onílé, ọlọ́mọ, tí wọ́n ń kó ọmọlángidi ike jọ. Ọmọlángidi náà fi díẹ̀ ga ju ìka ọwọ́ lọ. Inú fíìmù ìrìn àjò ojú sánmà ni wọ́n ti yọ wọ́n: jagunjagun tó dé àṣíborí, róbọ́ọ̀tì, ẹ̀dá onírun láti ayé mìíràn. Wọ́n ń tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, wọ́n ń nu eruku ara wọn, wọ́n sì mọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ wa tó ń gbé London lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà títí kí ó tó mọ̀, torí wọn kì í sábà sọ ọ́ síta. Olówó wà nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí kò lówó ló pọ̀ jù. Àwọn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ọdún 1977 ni ọ̀rọ̀ yìí gbóná. Fíìmù Star Wars jáde ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún. George Lucas tí ó darí rẹ̀ ti fi lára owó iṣẹ́ tí ó lè béèrè sílẹ̀, ó sì di ẹ̀tọ́ orí ọjà tí wọ́n bá fi orúkọ fíìmù náà ṣe mú. Nígbà yẹn, ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ kò jọ nǹkan lójú àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ fíìmù. Mego, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọmọlángidi Star Trek, kò gba iṣẹ́ ṣíṣe ọmọlángidi Star Wars nígbà tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Kenner ní ìlú Cincinnati ló gbà á. Ẹ má rẹ́rìn-ín: General Mills, àwọn tó ń ṣe oúnjẹ àárọ̀ inú páálí, ló ni Kenner nígbà náà.

Èrò wọ́ lọ wo fíìmù náà ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Kérésìmesì ń bọ̀, ọmọlángidi kò sì tíì ṣe tán. Kí ni Kenner ṣe? Wọ́n ta páálí pẹlẹbẹ kan tí kò sí ọmọlángidi kankan nínú rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ló wà níbẹ̀. Òbí yóò fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́, ilé iṣẹ́ yóò sì fi ọmọlángidi mẹ́rin ránṣẹ́ padà tó bá di ọdún 1978: Luke Skywalker, Princess Leia, Chewbacca àti R2-D2. Ẹ fojú inú wo bàbá tí ó gbé páálí òfìfo lé ọmọ lọ́wọ́ ní àárọ̀ Kérésìmesì, tó ní kí ó lọ máa ní sùúrù! Àwọn òbí rà á bẹ́ẹ̀.

Gíga ọmọlángidi wọ̀nyí jẹ́ íǹṣì 3¾. Àwọn tó ń ṣe ọmọlángidi ayé ìgbà náà fẹ́ràn èyí tó ga tó íǹṣì 8 tàbí 12. Bí Kenner bá tẹ̀ lé wọn, ọkọ̀ Millennium Falcon tí ọmọlángidi lè jókòó sí yóò tóbi bí àga, yóò sì wọ́n gógó. Bí wọ́n ṣe gé gíga rẹ̀ kúrú yìí ló jẹ́ kí òbí tó ń gba owó oṣù kékeré lè ra ọkọ̀ àti àwọn èrò inú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó ṣe pàtàkì sí mi: láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àpò mẹ̀kúnnù ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó pinnu bí ọmọlángidi yìí yóò ṣe rí.

Bí ẹni bá wo iye tí wọ́n ń tà á lónìí, ojú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ẹ gbé Jawa yẹ̀ wò, ràrá inú fíìmù náà tí aṣọ bò lórí. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe wọ àwọ̀lékè ike. Kò pẹ́ tí Kenner fi pàrọ̀ rẹ̀ sí aṣọ gidi, kí oníbàárà má baà rò pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Aláṣọ gidi yẹn, owó díẹ̀ ni. Alàwọ̀lékè ike, pàápàá èyí tó ṣì wà lórí páálí rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni. Gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò ju ike pẹlẹbẹ kan lọ, ìdí nìyẹn tí ayédèrú rẹ̀ fi kún ọjà. Àwọn kan tilẹ̀ ń bọ́ àwọ̀lékè ọrùn ọmọlángidi mìíràn, wọ́n á gé e kúrú, wọ́n á sì fi wọ Jawa.

Ti Boba Fett, akópa mìíràn nínú ìtàn Star Wars, tún kọjá bẹ́ẹ̀. Ní 1979, Kenner ṣèlérí ọmọlángidi rẹ̀ tí yóò máa yin rọ́kẹ́ẹ̀tì láti ẹ̀yìn. Láàárín àkókò yẹn, ọmọdé kan kú ní Amẹ́ríkà nítorí ó gbé ohun tí ohun ìṣeré ilé iṣẹ́ mìíràn yìn mì. Kenner bá de rọ́kẹ́ẹ̀tì náà mọ́ ọn pinpin kí wọ́n tó kó ọjà jáde. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n fi dánra wò ló ṣẹ́ kù, ọjà kò sì rí wọn rí. Ní ọdún 2024, wọ́n lu ọ̀kan ní gbàǹjo ní $525,000. Mo mọ iye ilé tí owó yẹn lè kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan kì í lọ sí gbàǹjo. Àárọ̀ ọjọ́ Sunday ló ń jáde, lọ sí pápá tí àwọn ará Britain máa ń ná ọjà àlòkù sí, tí oníkálukú ń ṣí búùtù ọkọ̀ rẹ̀ tí ó ń ta ẹrù tí kò fẹ́ mọ́ nílé. Lábẹ́ ìwé àtijọ́, bàtà ọmọdé àti okùn iná ni páálí ohun ìṣeré wà. Ibẹ̀ ni ayọ̀ wà. Ó máa yí ẹsẹ̀ ọmọlángidi padà láti ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá rí G.M.F.G.I. àti 1977, orúkọ ẹ̀ka ohun ìṣeré General Mills nìyẹn, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ìbọn ọwọ́ rẹ̀ á ti sọnù, ọ̀dà imú rẹ̀ á ti bó, ọmọ kan á ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Nítorí náà ni kò fi wọ́n. Pọ́n-ùn mélòó kan, ó ti di tirẹ̀.

Ìmọ̀ ni owó àwọn tí kò lówó. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò gba ẹ̀gbẹ́ Snaggletooth aláṣọ búlúù, ẹ̀dá kan nínú fíìmù náà, kọjá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fọ́tò dúdú-àti-funfun tí wọ́n gé ní ìbàdí nìkan ni Kenner ní lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Wọn kò mọ àwọ̀ aṣọ rẹ̀, wọn kò sì mọ̀ pé kúkúrú ni. Wọ́n bá ṣe é ní gíga, wọ́n wọ aṣọ búlúù fún un, wọ́n sì tà á nínú àkójọ kan ní ilé ìtajà Sears ní 1978. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣe àtúnṣe: ó di kúkúrú, aṣọ rẹ̀ di pupa. Àṣìṣe yẹn ló wá níye lórí ju àtúnṣe lọ.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ó sì ń dùn mọ́ mi. Palitoy, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà Kenner fún Britain nígbà náà, kò ta ibùdó ogun Death Star onílé gíga oníke tí àwọn ará Amẹ́ríkà rà. Páálí ni wọ́n fi ṣe tiwọn. Páálí ń ya, òjò ń pa á, ìyá ń kó o dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí. Díẹ̀ ló kù, èyí tó sì pé pérépéré ti di àléébá. Ní Tọ́kì, àwọn kan ṣe ayédèrú ọmọlángidi Star Wars láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n kọ Uzay sára páálí rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ jọ ti fíìmù. Ọmọdé ni wọ́n ń tà á fún. Olówó ló ń wá a kiri báyìí.

Ohun tí mo rí nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: ọmọdé tó bà á jẹ́ ló sọ ọ́ di olówó ńlá. Nítorí pé wọ́n fi ṣeré, wọ́n rì í sínú yanrìn, wọ́n jẹ́ kí ajá jẹ ẹ́, èyí tó kù kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ olùkójọ gbọ́ ìdajì ìtàn yìí, wọn kò gbọ́ ìyókù. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1999, nígbà tí fíìmù Star Wars Episode I kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ilé ìtajà ṣílẹ̀kùn lóru, àgbàlagbà sì to sí ìlà. Wọ́n ra ọmọlángidi ní páálí-páálí, wọn kò tú ọ̀kan, wọ́n kó o sí àjà ilé pé yóò san owó yunifásítì ọmọ. Gbogbo ènìyàn ló fi pamọ́, gbogbo rẹ̀ ló ṣì wà. Lónìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tó iye tí wọ́n rà á, bí a bá ka gbogbo ọdún tí ó fi gba àyè nínú ilé kún un.

Àbámọ̀ mẹ̀kúnnù kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ ń yọ́ wọlé ni. Èyí kò wọ́n, ó rà á. Èyí náà kò wọ́n, ó tún rà á. Ìbọn tó sọnù, ó rí arọ́pò rẹ̀ tí wọ́n ń rọ lónìí. Wọ́n ní kí ó sọ ọ́ sínú omi, pé èyí tó bá léfòó ni ojúlówó, ṣùgbọ́n ọgbọ́n yẹn kì í fi gbogbo ìgbà ṣiṣẹ́. Ó ra ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó ra ìyẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ gan-an kò sí. Owó ìfiránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ju owó ọjà lọ. Nígbà tí ó bá fi máa jókòó ṣírò rẹ̀, owó Millennium Falcon tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ láti kékeré ti bá ìràkúrà lọ, àpótí mẹ́ta ìdọ̀tí ike ló sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó ilé kò ní sọ̀rọ̀. Yóò kàn wò ó.

Ike fúnra rẹ̀ tún ń gbógun. Stormtrooper funfun tí oòrùn ojú fèrèsé bá ń pa yóò pọ́n bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Àwọn kan ń fi hydrogen peroxide dá funfun rẹ̀ padà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n pípọ́n náà lè padà wá. Èmi kò ní fọwọ́ kan èyí tí mo bá fẹ́ràn. N kò sì ní fi owó san fún àwọn tó ń fún ọmọlángidi ní máàkì, tí wọ́n á wá sé e mọ́ inú àpótí ike tí ọwọ́ kò ní kàn án mọ́ láéláé.

Ọmọ Yorùbá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yìí pẹ̀lú. John Boyega, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ John Adédayọ̀ Bámidélé Adégbóyèga, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ láti Nàìjíríà tọ́ dàgbà ní Peckham, ni ó ṣe Finn nínú fíìmù Star Wars tí wọ́n pè ní The Force Awakens ní 2015. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n tún ṣí ilé ìtajà lóru ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ọmọlángidi Finn sì wà lórí pèpéle. Èyí tó ga tó íǹṣì 6 ń lọ ní bíi $20 ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Wọ́n ṣe é lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí náà èyí tí wọ́n ti tú kúrò ní páálí kò wọ́n rárá. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìkójọ pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́, Finn ni mo ní kí ẹ rà, kí ẹ sì fún ọmọ yín ní ọ̀kan kí ó fi ṣeré. Kò ní sọ yín di olówó. Ojú ọmọ wa ló wà lára rẹ̀, ìyẹn ti tó ìdí.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní Peckham, Manchester tàbí Houston, tí ẹ ń palẹ̀ yàrá ọmọ mọ́ lẹ́yìn tí ó ti lọ yunifásítì, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbé páálí ohun ìṣeré lọ síta, ẹ gbọn ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Ìbọn tó kéré ju ìṣáná lọ àti idà ike tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń wà níbẹ̀. Ẹ fi rọ́bà so wọ́n mọ́ ọmọlángidi kí ẹ tó kó wọn fún ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàánú.