Láti Likosi dé Òkè Ìdànrè: Ọjọ́ Mẹ́ta Láàrin Omi àti Àpáta

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti wo àwòrán Odò Li ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí àwọn òkè ti tò sí etí omi bí ẹni ń wo dígí. Àwọn ará Ṣáínà mọyì ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn owó 20 yuan. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Lára owó ₦100 tí ìjọba gbé jáde ní 1999, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ wa, ló wà níwájú. Àpáta Zuma ló wà lẹ́yìn.

Ìyá mi ló mú ká rin ìrìnàjò yìí. Bàbá wa ṣe tíṣà ní Ìdànrè nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó sì máa ń ṣèlérí pé òun yóò mú ìyá wa dé orí òkè náà. Ikú kò jẹ́. Láti ìgbà náà ni ìyá kì í fẹ́ kúrò ní Likosi mọ́, àfi ọjọ́ tó sọ pé òun fẹ́ rí Ìdànrè kí ẹsẹ̀ òun tó kọ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Èmi, ìyàwó mi àti ìyá gba Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Níbẹ̀ ni omi Olúmirìn ti ń já bọ́ láti orí àpáta ní ìpele méje. Ìtàn ìlú náà sọ pé Akinla, obìnrin kan láti ìran Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí i. Ìpele kìíní ni ìyá dúró sí, ó bu omi náà bọ ojú.

A sùn ní Àkúrẹ́, a sì dé Ìdànrè ní òwúrọ̀. Àwọn òkè Odò Li jẹ́ irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ṣàgámù fi ṣe sìmẹ́ńtì. Ti Ìdànrè le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó dúdú, ó sì rí rùmúrùmú. Àtẹ̀gùn 682 ló gun òkè, ibùsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Ní ìkẹta, orúnkún ìyá kọ̀.

"Ẹ máa lọ, kí ẹ wá ròyìn fún mi."

"Rárá o, Màámi," ni ìyàwó mi wí. "A ó jọ sinmi ni."

A sinmi pẹ́. Nígbà tó yá, ó di apá ìyàwó mi mú, a sì gùn ún díẹ̀díẹ̀.

Lókè ni ààfin Ọwá àtijọ́ wà, pẹ̀lú ilé ẹjọ́ àti ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn. Orí òkè yìí ni ìlú wà kí àwọn ènìyàn tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ní 2007, Nàìjíríà fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO, kí wọ́n lè gbé e yẹ̀ wò fún àkójọ ogún gbogbo ayé. Ìyá wo ìsàlẹ̀ títí, ó ní, "Bàbá yín kò purọ́ fún mi."

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ìparí òjò ló dára jù: omi ṣì pọ̀, àpáta kì í sì í yọ̀ mọ́. Ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, ẹ gbé omi mímu dání, kí ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Bí ẹ bá ní òbí tó ṣì lè rìn, ẹ mú wọn dání ní ọdún yìí, kí ẹ má sì kánjú ní ibùsinmi.